Ọ̀rọ̀ Akọ̀wé Ẹgbẹ́: Ohun Tó Jó Kọntiróólà Wíǹṣì Wa Méjì, àti Bí A Ṣe So Ìkẹta

  

Wọ́n ní kí akọ̀wé sọ̀rọ̀ ṣókí lórí iṣẹ́ tí ìgbìmọ̀ ṣe. Gbogbo ìṣirò owó ti wà nínú ìwé yìí, ẹ ó rí i ní ojú ewé ti akápò. Ohun kan ṣoṣo la fẹ́ mú ẹnu bà, nítorí pé òun ni wọ́n ń sọ nídìí ìsọ̀ láti oṣù mélòó kan, tí wọn kò sì wá bi ìgbìmọ̀ léèrè: ọ̀rọ̀ kọntiróólà wíǹṣì. A ra ọ̀kan, ó jó. A ra èkejì, òun náà jó. Àwọn kan ní ayédèrú ni wọ́n tà fún wa. Àwọn kan ní àwọn alábàárù ló bà á jẹ́ kí iṣẹ́ má baà bọ́ lọ́wọ́ wọn. Àwọn kan ní ìgbìmọ̀ ti fi owó náà jẹun. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Owó ẹgbẹ́ ni, owó àjẹsẹ́kù tí a fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kó jọ ni, nítorí náà ó tọ́ kí gbogbo wa mọ ohun tó jó o. Kò sì le rárá. Ẹni tó bá lè ka owó èlé láìlo ìwé lè mọ èyí.

Ẹ rántí ìdí tí a fi ra wíǹṣì. Ìsàlẹ̀ sítọ́ọ̀ wa máa ń gba omi nígbà òjò, nítorí náà òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni ìrẹsì, ẹ̀wà àti gàrí ń sùn. Orí àtẹ̀gùn ni àwọn alábàárù ń gbà gbé e, 50 kílò lọ́rùn, ní ìgbà ogún tàbí ọgbọ̀n lóòjọ́. Nígbà tí ọ̀kan nínú wọn yọ̀ ṣubú lórí àtẹ̀gùn tó tutù, tó sì fi oṣù méjì jókòó sílé, a ní ó tó gẹ́ẹ́. Àwọn kan dábàá ẹ̀rọ tó ń mu bẹntiróòlù, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, kò sí ẹni tó tún dárúkọ rẹ̀ mọ́. Iná ìjọba, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Bátìrì fóòtì 12 tí páńẹ́ẹ̀lì sólà orí òrùlé ń cháàjì ló kù, ìyẹn ni a sì lò. Bẹ́ẹ̀ ni a kò lé àwọn alábàárù o. Àwọn ló ń so àpò mọ́ ìkọ́ nísàlẹ̀, àwọn ló ń gbà á lókè, owó wọn kò sì dín.

Wíǹṣì kì í ṣe nǹkan bàbàrà. Agbo irin kan ni tí okùn irin wé mọ́, tí jíà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí ẹ̀ńjìnnì oníná sì ń yí i. Àwọn oníṣẹ́ iná ń pe ẹ̀ńjìnnì yẹn ní motor, ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ tiwa ọkọ̀ ni mọ́tò, nítorí náà ẹ jẹ́ ká máa pè é ní ẹ̀ńjìnnì kí a má baà da ara wa láàmú. Bí ó bá yí síhìn-ín, okùn á wé, àpò á gòkè. Bí ó bá yí sọ́hùn-ún, okùn á tú, àpò á sọ̀kalẹ̀.

Bí wọ́n ṣe tà á fún wa, ó ní àpótí kékeré kan tí bọ́tìnnì méjì wà lára rímóòtù rẹ̀, òkè àti ìsàlẹ̀. Kò ní kọntiróólà. Bí ẹ bá tẹ òkè, gbogbo agbára bátìrì á wọ inú ẹ̀ńjìnnì lẹ́ẹ̀kan náà, àpò á fò dìde bí ẹni tí agbọ́n ta, á máa fì, á gbá ògiri. Àpò gàrí méjì ló ya mọ́ wa lára ògiri yẹn lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Ohun tó tún burú jù ni pé bí okùn bá ń já gìrì bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, tín-ín-rín tín-ín-rín ni yóò máa já nínú, títí ọjọ́ kan tí yóò fi já pátápátá. Ìdí tí a fi nílò kọntiróólà nìyẹn: kí àpò rọra dìde, kí ó rọra balẹ̀.

Iṣẹ́ wo ni kọntiróólà ń ṣe gan-an? Àwọn kan rò pé bíi régúlétọ̀ fáànù ilé ni. Rárá o, ti fáànù ilé kì í ṣe irú iná yìí, ẹ má gbìyànjú rẹ̀. Ẹ wo bí a ṣe ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ iná èédú. Ẹ fẹ́ ẹ, ẹ dúró, ẹ fẹ́ ẹ, ẹ dúró. Bí ẹ bá fẹ́ púpọ̀ tí ẹ dúró díẹ̀, iná á jó fòò. Bí ẹ bá fẹ́ díẹ̀ tí ẹ dúró púpọ̀, iná á rọ̀. Ohun tí kọntiróólà ń ṣe nìyẹn: ó ń ṣí iná, ó ń pa á, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ó bá ṣí i ní ìdajì àkókò, ẹ̀ńjìnnì á máa ṣe bí ẹni pé fóòtì 6 la fún un dípò 12, á sì rọra yí. Bọ́tìnnì kan wà lára rẹ̀ bíi ti rédíò tí a fi ń yí ohùn sókè sódò. Òun ló ń sọ bí yóò ṣe pẹ́ tó kí ó tó pa á.

Ọ̀rọ̀ yíyí padà ló kù, ibẹ̀ ni owó wa sì bá lọ.

Irú ẹ̀ńjìnnì tí a ní yìí, mágínẹ́ẹ̀tì ló wà nínú rẹ̀, orí méjì péré ló sì ní tí wáyà ńlá ń wọ̀. Bí pupa bá wọ orí kìíní tí dúdú wọ èkejì, ó ń yí síhìn-ín. Ẹ pààrọ̀ wọn, á yí sọ́hùn-ún. Ohun tí àpótí bọ́tìnnì òkè àti ìsàlẹ̀ ń ṣe nìyẹn, ó ń pààrọ̀ pupa sí ipò dúdú. (Ẹ̀yin ọkọ wa tí ẹ ń lọ ra wíǹṣì tòkunbọ̀ ní Ládìpọ̀, ẹ wò ó dáadáa. Bí ẹ bá rí i tí orí ẹ̀ńjìnnì jẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, irú mìíràn ni, kì í ṣe mágínẹ́ẹ̀tì. Ìyẹn, bí ẹ bá pààrọ̀ wáyà bátìrì fún un, ọ̀nà kan náà ni yóò ṣì máa yí. Ohun tí a ń sọ lónìí kò bá a mu tán.)

Ẹ̀ńjìnnì kò bìkítà bóyá pupa ló wọlé tàbí dúdú. Ṣùgbọ́n kọntiróólà ń bìkítà! Irú èyí tí a rà, tó jẹ́ ọ̀nà kan ṣoṣo ló mọ̀, pupa gbọ́dọ̀ wọ ibi tí wọ́n kọ + sí, dúdú gbọ́dọ̀ wọ ibi tí wọ́n kọ − sí, títí ayé. Bí ẹ bá gbé dúdú wọ ibi pupa, ọ̀nà ẹ̀yìn kan á ṣí nínú rẹ̀, iná á gba ibẹ̀ kọjá láti orí bátìrì kan sí èkejì láì dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ńjìnnì rárá. Bátìrì ńlá ni, agbára rẹ̀ pọ̀. Kí ẹ tó sọ pé “háà”, èéfín ti dé.

Oníṣẹ́ iná tó kọ́kọ́ bá wa so ó, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ńjìnnì ló gbé kọntiróólà sí, nítorí pé ibẹ̀ ni àyè wà lára ògiri. Nítorí náà, láti bátìrì, iná kọ́kọ́ wọ àpótí òkè àti ìsàlẹ̀, láti inú àpótí ó wọ kọntiróólà, láti kọntiróólà ó wọ ẹ̀ńjìnnì. Ó fi àpò kan dán an wò, ó gòkè nírọ̀rùn, gbogbo wa pàtẹ́wọ́. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n tẹ ìsàlẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Àpótí ṣe iṣẹ́ tirẹ̀, ó pààrọ̀ pupa sí ipò dúdú, ó sì gbé e wọ kọntiróólà ní òdìkejì. Ẹ̀ẹ̀kan náà ló jó. Kọntiróólà dára, kì í ṣe ayédèrú. Ẹni tó tẹ bọ́tìnnì kò ṣẹ̀. Ipò tí wọ́n gbé e sí ni kò dára.

Bó ṣe yẹ kó rí ni pé láti bátìrì, kí iná kọ́kọ́ wọ kọntiróólà. Láti kọntiróólà ni kí ó tó wọ àpótí òkè àti ìsàlẹ̀, láti àpótí kí ó wọ ẹ̀ńjìnnì. Pààrọ̀-pààrọ̀ yẹn, ẹ̀yìn kọntiróólà ló gbọ́dọ̀ wà, kì í ṣe iwájú rẹ̀. Bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ohun tí a sọ lónìí, ẹ má gbàgbé ìyẹn.

Oníṣẹ́ iná náà gbọ́, ó padà wá, ó tún un so bẹ́ẹ̀. Kí ló wá jó èkejì? Nǹkan kékeré kan tí kò tó ìka ọwọ́, tí wọ́n ń pè ní dáyóòdù. Dáyóòdù dà bí ilẹ̀kùn tó ń ṣí síta nìkan. Iná lè gba ibì kan kọjá, kò lè gba ibòmíràn padà. Wọ́n máa ń so ó mọ́ ẹ̀ńjìnnì, nítorí pé bí a bá pa iná fún ẹ̀ńjìnnì tó ń yí, iná kan máa ń ta padà láti inú rẹ̀, tó lè ba kọntiróólà jẹ́. Dáyóòdù ló ń gba ìyẹn. Ohun tó dára ni, ṣùgbọ́n orí ẹ̀ńjìnnì gan-an ni oníṣẹ́ iná so ó mọ́, lẹ́yìn àpótí. Nígbà tí àpò ń gòkè, ilẹ̀kùn náà tì, wàhálà kò sí. Ìgbà tí wọ́n tẹ ìsàlẹ̀, pupa bọ́ sí ipò dúdú, ilẹ̀kùn ṣí gbayawu, iná sì fi ẹ̀ńjìnnì sílẹ̀, ó gba inú dáyóòdù kọjá. Dáyóòdù jó, kọntiróólà tẹ̀lé e. Bí ẹ bá fẹ́ lo dáyóòdù, ẹnu ibi tí iná ti ń jáde lára kọntiróólà ni kí ẹ so ó sí, kí ó tó dé àpótí, níbi tí pupa kì í ti í di dúdú láé. Èyí tí a rà lẹ́ẹ̀kẹta ti ní tirẹ̀ nínú, a kò tún fi nǹkan kan kún un.

Àwọn kan béèrè pé, fíúùsì ńkọ́, ṣé kò sí fíúùsì ni? Ó wà. Ṣùgbọ́n fíúùsì kì í yára tó bẹ́ẹ̀. Wáyà ni fíúùsì ń dáàbò bò, kí ilé má baà gbiná. Kọntiróólà á ti jó tán kí fíúùsì tó já. Síbẹ̀ ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi wáyà lásán dípò rẹ̀ o, nítorí bátìrì yẹn lágbára tó láti sọ irin di pupa. Ẹ̀gbẹ́ bátìrì gan-an ni kí fíúùsì wà, kì í ṣe òkèèrè, torí ibi tí wáyà gbà kí ó tó dé fíúùsì kò ní aláàbò.

Ọmọ ọ̀kan nínú wa tó ń kọ́ iṣẹ́ iná ní pólì ló bá wa rí ọ̀rọ̀ dáyóòdù yìí. Ọmọbìnrin ni o, ẹ jọ̀wọ́ ẹ jẹ́ kí ọmọ yín ka ìwé. Òun náà ló rí ohun kan tó kù. Inú àpótí òkè àti ìsàlẹ̀, irin kékeré méjì wà níbẹ̀ tí iná máa ń fà kí wọ́n tó lẹ̀ mọ́ra. Fóòtì 12 pípé ni wọ́n fẹ́. Bí ẹ bá fún wọn jẹ láti inú ohun tó jáde lára kọntiróólà, ìgbà tí ẹ bá rọra yí i, agbára kò ní tó wọn, wọn á máa gbọ̀n jìnnìjìnnì, wọn á máa ṣáná, títí wọn á fi jó. Nítorí náà wáyà tín-ín-rín tó ń fún wọn jẹ, láti ọ̀dọ̀ bátìrì ló gbọ́dọ̀ ti wá tààrà, òun náà pẹ̀lú fíúùsì kékeré tirẹ̀. Wáyà ńlá nìkan ló ń gba inú kọntiróólà kọjá.

Ẹ jẹ́ ká sọ ti wáyà ńlá, nítorí ibẹ̀ ni owó tí ẹ rí lójú ewé akápò lọ, tí àwọn kan ní ó pọ̀ jù. Ẹ bá wa ṣírò. Àpò kan, 50 kílò. Òkè sítọ́ọ̀ wa, mítà 4. Ẹ fi 10 sọ 50 di púpọ̀, torí bí ilẹ̀ ṣe ń fa nǹkan nìyẹn, ẹ tún fi 4 sọ ọ́ di púpọ̀: 2,000. Bí a bá fẹ́ kí ó dé òkè láàrin ìṣẹ́jú àáyá 10, ẹ pín in sí 10: wáàtì 200. Jíà ń jẹ tó ìdajì agbára, ẹ jẹ́ ká pè é ní wáàtì 400. Ẹ pín in sí fóòtì 12: áǹpù 33 ó lé díẹ̀. Iná ilé tó jẹ́ fóòtì 220, wáàtì 400 kan náà kò ní tó áǹpù 2. Ìdí nìyẹn tí wáyà tó tó iná ilé kò fi lè tó bátìrì.

Wáyà 1.5 tí wọ́n fi ń so gílóòbù nínú yàrá ni wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ fi ṣe é fún wa. Láti ibi bátìrì dé ibi ẹ̀ńjìnnì, mítà 5 ni. Àlọ àti àbọ̀, mítà 10. Lórí wáyà yẹn, fóòtì 4 á ti ṣègbé sọ́nà nínú 12 kí iná tó dé. Ìdá mẹ́ta bátìrì, ẹ ó fi gbóná wáyà lásán, títí ike ara rẹ̀ á fi yọ́. Lórí wáyà 16, ohun tó ń ṣègbé kò tó ìdajì fóòtì kan. Wáyà 16 la rà. Ó wọ́n, àwa náà mọ̀, ṣùgbọ́n wáyà ni, kì í ṣe ìdáná. Bákan náà, súwíìṣì tí wọ́n fi ń pa iná yàrá kò yẹ fún un. Iná ìjọba ń dé òdo ní ìgbà 100 láàrin ìṣẹ́jú àáyá, nítorí náà bí ẹ bá ṣí súwíìṣì, iná tó fẹ́ fò láàrin rẹ̀ á kú fúnra rẹ̀. Ti bátìrì kì í dé òdo, á máa jó láàrin súwíìṣì náà lọ. Súwíìṣì tí wọ́n kọ DC sí lára, tí áǹpù rẹ̀ sì tó, ni kí ẹ béèrè.

Ní ti lílò, ohun méjì ni àwọn ọmọ wa tó ń tẹ̀ ẹ́ máa ń gbàgbé. Èkíní, ẹ má tẹ ìsàlẹ̀ nígbà tí àpò bá ṣì ń gòkè. Ẹ yí bọ́tìnnì kọntiróólà dé òdo, ẹ jẹ́ kí agbo irin dúró pátápátá, kí ẹ tó tẹ òdìkejì, kí ẹ tún rọra yí i sókè. Ẹ̀ńjìnnì tó ń yí, bí ẹ bá yí i padà lójijì, iná tó máa gbé wọlé lè ju ti ìbẹ̀rẹ̀ lọ, irin inú àpótí á sì lẹ̀ mọ́ra bí ẹni fi iná jó wọn pọ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá lẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ ó fi bọ́tìnnì sílẹ̀, àpò á ṣì máa lọ. Súwíìṣì pupa ńlá tó wà lára ògiri wà fún ọjọ́ yẹn. Ẹ má fi àpò bò ó mọ́. A ti kó àpò ẹ̀wà kúrò níwájú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta.

Èkejì, pé ó rọra ń yí kò túmọ̀ sí pé ó ń sinmi. Ìwọ̀n ẹrù ló ń sọ iye áǹpù tí ẹ̀ńjìnnì ń gbé, kì í ṣe bó ṣe ń yára sí. Àpò wúwo tí ẹ fà lọ wọ́ọ́wọ́, ẹ̀ńjìnnì ń gbóná bíi ti sáré, ó sì pẹ́ jù lẹ́nu iṣẹ́. Nítorí náà ẹ rọra bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó sáré díẹ̀ láàrin, ẹ rọra parí rẹ̀. Lẹ́yìn àpò mẹ́wàá, ẹ fi ọwọ́ kàn án lára. Bí ọwọ́ kò bá gbà á, ẹ sinmi.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí wá kù, èyí kò sì ní àwàdà nínú. Wíǹṣì tiwa, irú tí wọ́n ṣe fún gbígbé ẹrù sókè ni, bíréèkì wà nínú jíà rẹ̀. Bí iná bá lọ, àpò á dúró sójú ọ̀run níbi tó wà. Èyí tí wọ́n fi ń fa ọkọ̀ tó rì sínú ẹrẹ̀ kì í ṣe fún irú iṣẹ́ yìí, bó ti wù kó lágbára tó, kí ẹnikẹ́ni má gbé e wá pé ó pọ́ọ́kú. Síbẹ̀, bíréèkì tiwa náà, irin ni, irin a máa gbó. Kí ẹnikẹ́ni má dúró sí abẹ́ àpò. Kí ìyá ọlọ́mọ má tẹ́ ẹní sí abẹ́ rẹ̀ nítorí ibòji. Àwọn ọmọ tó ń bẹ àwọn alábàárù pé kí wọ́n gbé àwọn gòkè, a ti gbọ́. Wíǹṣì kò gbọ́dọ̀ gbé ènìyàn, ìbáà ṣe ọmọ ọdún mẹ́ta.

Kọntiróólà kẹta ti ń ṣiṣẹ́, ó ń gbé e sókè, ó ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ọ̀kan tó mọ ọ̀nà méjèèjì fúnra rẹ̀ wà lọ́jà, tí kò nílò àpótí òkè àti ìsàlẹ̀ rárá, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ju ti èyí lọ, ìgbìmọ̀ kò sì fẹ́ fọwọ́ kan owó ẹgbẹ́ láìgba àṣẹ yín. A ó gbé e wá sí ìpàdé oṣù tó ń bọ̀ kí ẹ dìbò lé e lórí.

Ọ̀kan nínú méjì tó jó wà ní ọ́fíìsì, a ti ṣí ìdérí rẹ̀; ẹni tó bá fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí i, kó wá. A ti fi kúnlẹ̀ ya bí wáyà ṣe lọ, pupa àti dúdú, sára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ súwíìṣì pupa. Oníṣẹ́ iná yòówù tó bá fẹ́ tún un ṣe, ẹ ní kó kọ́kọ́ wo ògiri yẹn kó tó tú nǹkan kan. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ akápò, èkejì wà lọ́wọ́ wa. A máa kọ́ àwọn tó fẹ́ mọ̀ ọ́n tẹ̀ ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ láago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn tí a bá ti pàtẹ tán, ẹni méjì méjì. Ìyá Alágbàdo àti ìyàwó ọmọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ fi orúkọ sílẹ̀.